Ògiri Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà Kó Tó Pa Mọ̀dínátù

Ògiri ló pa Mọ̀dínátù Ọládòṣù. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ìjàǹbá ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn ayé ló ṣe é. Ògiri ni. Ògiri ilé iṣẹ́ abọ́ tánganran àtijọ́ tó wà lójú ọ̀nà Ìdímù, ní Ẹgbẹ́dá, ló wó lù ú lọ́sàn-án Sátidé kan nínú oṣù Keje ọdún 2013 yìí, lójú kámẹ́rà, lójú àwọn ọlọ́lá tí wọ́n wọ agbádá tó le gbagidi. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó kan àtàrí, a ti kírun sí i lára ní Ìgàndò, a ti bò ó mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo agbádá ọjọ́ Sátidé yẹn, ẹyọ kan ò yọjú síbi ìsìnkú.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ òwe tó ní ọjọ́ a bá kú là á dère, pé èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Èmi gan-an máa ń pa á. Ti Mọ̀dínátù ni ò rí bẹ́ẹ̀. Ó kú, kò dère, ọ̀daràn ni wọ́n sọ ọ́ dà. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, Àjọ Ìmúlùúdára, àjọ ìjọba tó pe gbogbo wa jọ síbi ayẹyẹ ìṣílé ọjọ́ Sátidé náà, bọ́ sórí rédíò. Wọ́n ní ìwádìí àwọn ti fi hàn pé obìnrin ayàwòrán ilé kan, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún ilé náà ṣe láìgba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ló ba òpó jẹ́ tí ògiri fi wó. Wọ́n ní kí Ọlọ́run dárí jì í. Ìwádìí! Àwọn tí wọn ò ráyè wá ti òpó lẹ́yìn láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n ráyè ṣèwádìí láàárín Sátidé sí ọjọ́ Ajé. Ẹ ò rí i pé ẹsẹ̀ wọn yá nígbà tó bá wù wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí wọ́n ń bú fún yín.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá rẹ̀, Àlàájà Fàúsátù, tó ń ta abọ́ ní Ìkòtún láyé ìgbà tí abọ́ tánganran ṣì lóókọ. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ yìí náà ló ti ń gbé ọjà, ó sì máa ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání. Bí ìyá bá ń ka abọ́, ọmọ á yọ́ kẹ́lẹ́ wọnú ilé, á lọ dúró sábẹ́ ṣéènì gígùn kan tí wọ́n fi abọ́ kọ́, tó ń ru wọ́n bọ̀ láti inú iléru. Abọ́ á jáde ní pípọ́n bí ẹyin iná, á máa tutù díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yọ, òmíràn á di funfun, òmíràn á di aró. Àlàájà ní gbogbo ìgbà ni àwọn máa ń fi orúkọ pè é jáde níbẹ̀, pé ọmọ náà kì í fẹ́ lọ. Nígbà tí abọ́ rọ́bà wá gba ọjà tán, ilé iṣẹ́ tì, àwọn òṣìṣẹ́ tú ká, igi ọ̀pọ̀tọ́ hù lórí òrùlé, ewúrẹ́ àti àwọn tó ń fagbó sì pín inú ilé láàárín ara wọn.

Mọ̀dínátù ti lọ sí yunifásítì nígbà náà. Ó di akitẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, ó ń ya ilé onígíláàsì fún àwọn tí ò fẹ́ kí atẹ́gùn fara kàn wọ́n. Ó sọ fún mi nígbà kan pé bí iná bá lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ á máa sè bí ẹ̀wà ni. Lọ́dún 2008, ó gbọ́ pé ẹbí tó ni ilẹ̀ fẹ́ wó ilé iṣẹ́ abọ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ bá Àlàájì Táyéwò, olórí ẹbí náà, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ẹ tó wó o, ẹ bá mi wọnú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo wà níbẹ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ni mo wá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Àlàájì fún ìwé ìròyìn yìí. A wọlé ní ọ̀sán gangan. Òrùlé ilé náà rí wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn, gíláàsì ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ eyín kọ̀ọ̀kan, ní ìhà tí oòrùn kì í gbà wọlé tààrà. Mọ̀dínátù ní kí a gbójú sókè. Lóòótọ́, ilé náà mọ́lẹ̀ rokoṣo, síbẹ̀ kò gbóná.

"Ṣé ẹ rí ìmọ́lẹ̀ yìí, sà? Gbogbo tẹ́lọ̀ tó ń fi tọ́ọ̀ṣì ránṣọ ní Ìkòtún, tí wọ́n bá rí èyí, wọ́n á sunkún."

Àlàájì Táyéwò na ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìmọ́lẹ̀ dáa, ọmọ mi. Àbí ìmọ́lẹ̀ la fẹ́ máa jẹ?"

"Rárá sà. Abẹ́ ẹ̀ lẹ ó ti máa jẹun."

Ó rí bó ṣe wí. Ẹ̀yin tí ẹ ò débẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọlé. Ṣéènì tó ń gbé abọ́, kò tú u kúrò. Ó họ ìpẹtà ara rẹ̀ dànù, ó fi gírísì sí i, òun ni àwọn tẹ́lọ̀ ń fi aṣọ tí wọ́n bá rán tán kọ́ sí, tí wọ́n á fọwọ́ fà á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ aṣọ ní ìkángun kejì. Yàrá iléru, tí ògiri rẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀ tí ariwo ọ̀nà Ìdímù ò lè gbà á kọjá, ló di ibi ìkàwé. Abọ́ tó lábùkù, tí ilé iṣẹ́ ti dà sí ẹ̀yìnkùlé bí òkìtì, ó fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ géètì àti ọgbà iwájú, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó, tó fi jẹ́ pé àwọn onímọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibùdókọ̀ náà ní Alábọ́. Àwọn kápẹ́ńtà wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe wíńdò alumíńíọ̀mù wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe bàtà wà níbẹ̀. Matilda, tẹ́lọ̀ ọmọ Àgbádárìgì tó ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ ìránṣọ, ló gba ààyè tó mọ́lẹ̀ jù.

Nínú gbogbo ilé náà, ibì kan ṣoṣo ni Mọ̀dínátù tì pa. Ìhà ìlà-oòrùn ni, níbi tí wọ́n ti ń fi ásíìdì fọ páànù kí wọ́n tó sọ ọ́ di abọ́. Ó ní ásíìdì ti mu ilẹ̀ ibẹ̀ yó fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ò tíì mọ ohun tó ti jẹ.

Ẹ mọ̀ pé ohun rere kì í pamọ́. Àwọn tẹlifísọ̀n wá, àwọn òyìnbó wá ya fọ́tò, lẹ́yìn náà ni Àjọ Ìmúlùúdára dé. Wọ́n ní iṣẹ́ náà wú àwọn lórí, àwọn fẹ́ sọ ọ́ di àwòkọ́ṣe fún gbogbo ìlú. A péjọ sí agbo ilé Àlàájì Táyéwò, a sì pín iṣẹ́ níbẹ̀, lójú gbogbo ayé: ẹbí ló ni ilẹ̀, Mọ̀dínátù ni yóò máa to inú ilé, Àjọ ni yóò ṣe iṣẹ́ tó wúwo, ìyẹn òrùlé, ògiri àti òpó. Àfáà ṣàdúà lé e lórí, gbogbo wa ṣàmín. Ẹ rántí ibi tí mo ti sọ pé òpó bọ́ sí o, torí pé àwọn tó wà lórí rédíò ti gbàgbé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá ni Mọ̀dínátù fi òòlù kan ìdí àwọn òpó ìhà ìlà-oòrùn. Ó dún bí akèrègbè tó ṣófo. Ó fi irin họ ọ́ díẹ̀, kọnkéré já bọ́, irin inú rẹ̀ sì ti jẹrà di ìyẹ̀fun. Ó pe Gbóyèga, enjiníà Àjọ tí wọ́n fi sí ìdí iṣẹ́ náà. Gbóyèga wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ bù ú, ó yanu. Mọ̀dínátù ní kí Àjọ gbé irin wá tí a ó fi gbé òrùlé dúró, kí a lè tú àwọn òpó náà kí a sì tún wọn mọ.

"Mádàámù, èyí ò ṣeé fi ṣeré o," ni Gbóyèga wí. "A máa gbé irin wá, wéré ni."

Wéré! Ọyẹ́ lọ, oòrùn dé, òjò àkọ́rọ̀ dé, wéré ò dé.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì jókòó síbẹ̀, Mọ̀dínátù gbé ọ̀dà pupa. Ó fa àmì ńlá sára òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìhà ìlà-oòrùn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fa ìlà pupa kan sórí ilẹ̀, pé kí ẹsẹ̀ kankan má kọjá ibẹ̀. Gbóyèga wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Matilda rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Gbóyèga fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú fún un.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di tiwa, àwa ará Alímọ̀ṣọ́. Ta ni nínú wa tí ò mọ ohun tí ọ̀dà pupa jẹ́? Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó bá pupa lára ògiri rẹ̀ kì í dúró béèrè. Ìjọba ń bọ̀ wá wólé ni. Ọ̀dà mìíràn ló máa ń sáré lọ rà, kó lè kùn ún kí àwọn ayálégbé tó jí, torí pé bí ayálégbé bá rí i, wọ́n ti kó ẹrù nìyẹn. Ìyá ló ń kọ́ ọmọ ní èyí láàárín wa. Mọ̀dínátù náà jẹ́ ọmọ ibí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ láàárín àwọn tó jẹ́ pé ewu ni pupa túmọ̀ sí fún wọn. Lójú tirẹ̀, "ikú wà níbí" ni àmì yẹn ń wí, àwa kà á sí "ìjọba ń bọ̀."

Ìdààmú bẹ́ sílẹ̀. Àwọn oníbàárà Matilda ń wá gba aṣọ tí kò tíì gé. Àwọn alumíńíọ̀mù ń wá ẹni tó mọ ẹni tó mọ kọ́ńsílọ̀. Nínú ẹbí Àlàájì Táyéwò, wọ́n ṣèpàdé lórí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mọ̀dínátù ń lọ láti ibùjókòó kan sí òmíràn, ó ń ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Èmi ni mo kùn ún o! Kì í ṣe ìjọba. Mo ní kí ẹ má jókòó síbẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi!"

"Mo gbọ́ ẹ, ọmọ mi," ni Àlàájì Táyéwò dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n pupa ni pupa ń jẹ́ jàre. Ta ló fẹ́ máa bá gbogbo ọlọ́jà ṣàlàyé?"

Lẹ́yìn náà ni Àjọ kéde pé àwọn fẹ́ ṣí ilé náà fún ìlú. Mọ̀dínátù ti ṣí i láti 2010, àìmọye èèyàn ló ti ń jẹun nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan wọ́n, ó ṣe tán, ọlọ́lá kankan ò tíì gé ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n rán àwọn akùnlé wá nígbà tí Mọ̀dínátù lọ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Funfun ni wọ́n kó wá. Wọ́n kun òpó, wọ́n kun ògiri, wọ́n kun ìlà orí ilẹ̀. Ẹ ò sì lè gbàgbọ́ bí inú wa ṣe dùn tó. Àlàájì Táyéwò fọwọ́ sí i, ó gbàdúrà fún àwọn akùnlé. Matilda fún wọn ní omi tútù. Àwọn kápẹ́ńtà ń kí ara wọn kú oríire, pé ìjọba ti dárí jì wá.

Àṣìṣe wa nìyẹn, mi ò ní fi pamọ́. Àìmọ̀ ni, ẹ̀rù ló sì fà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ni ti Àjọ? Ṣé Àjọ náà ò mọ̀ ni? Ẹni tó di àkàbà mú nígbà tí wọ́n ń fa pupa, ṣé ojú rẹ̀ fọ́ nígbà tí wọ́n ń kun funfun? Àwọn tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ irin, kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n rí rà? Wọ́n tún wá tẹ́ tábìlì àwọn ọlọ́lá sí ìhà ìlà-oòrùn yẹn gan-an, kọjá ìlà. Ẹ mọ ìdí? Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí mọ́tò lè gbà dé, kí bàtà ọlọ́lá má baà kan ẹrẹ̀ oṣù Keje.

Sátidé yẹn, àárọ̀ ni Mọ̀dínátù ti Ìbàdàn dé. Kò sí àga fún un. Orúkọ rẹ̀ ò sí lára òkúta mábù tí wọ́n fẹ́ ṣí aṣọ lójú rẹ̀, níbi tí orúkọ alága Àjọ ti tóbi tó orí mi. Kò tiẹ̀ wò ó. Ohun tó wò ni òpó. Mo rí i tó dúró sójú kan, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Okùn kánópì tí wọ́n ta síta, òpó àárín ni wọ́n so ó mọ́. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Gbóyèga.

"Ta ló kùn ún?"

"Mádàámù, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ ká parí ètò ná."

"Gbóyèga, ìwọ náà mọ̀! Ẹ kó àwọn èèyàn kúrò níbẹ̀!"

Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ olóòtú ètò. Kò tíì sọ gbólóhùn méjì tí wọ́n fi já a gbà, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì sì mú un lápá. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọlọ́lá kan ní obìnrin yìí ń jowú ni. Ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí àga kan sí òmíràn, ó ń fa àwọn obìnrin dìde. Matilda ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ó pariwo mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n sì sá jáde. Òjò bá dé pẹ̀lú ìjì. Àwọn ọlọ́lá náà dìde nígbà tí òrùlé jò, tí omi kán sí wọn ní fìlà, wọ́n sáré wọ mọ́tò wọn. Ohun tí Mọ̀dínátù bẹ̀ wọ́n tí wọn ò ṣe, fìlà ló jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Ẹnì kan ò sá. Àlàájì Táyéwò jókòó sórí àga rẹ̀ gbọin. Ẹ mọ̀ pé àgbà kì í sáré òjò láwùjọ, pàápàá lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìjì fa kánópì, kánópì fa okùn, òpó fọhùn. Mọ̀dínátù tó ti bọ́ síta padà wọlé. Ó gbá bàbá náà mú lábẹ́ apá, ó gbé e dìde, ó tì í sí Matilda lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òpó lọ, ògiri sì tẹ̀ lé e. Apá Àlàájì kán, àwọn kan fara gbọgbẹ́. Mọ̀dínátù nìkan ló kú.

Ìyẹn ni ẹni tí wọ́n ní ó ba òpó jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, èmi àti Matilda padà lọ sórí àwókù náà. Òkúta mábù ṣì dúró digbí, orúkọ alága ń dán. Matilda yí òkúta òpó kan padà, ó fi èékánná họ funfun ara rẹ̀. Pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀. A yí òmíràn, pupa ni. Kò sí ẹni tí yóò họ ọ́ tí kò ní rí i. "Ó wà níbẹ̀ o, ẹ wò ó," ni Matilda ń wí, ó sì ń sunkún. "Wọ́n bo ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ni." Bóyá ìdí nìyí tí Àjọ fi tún bọ́ sórí rédíò, tí wọ́n ní nítorí ààbò ará ìlú, katapílà máa wá wó gbogbo ilé náà palẹ̀, èyí tó wó àti èyí tí kò wó, wọ́n á sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n á palẹ̀ àwókù mọ́, wọ́n á palẹ̀ ẹ̀rí mọ́, wọ́n á sì rí ilẹ̀.

Mo lọ bá Gbóyèga ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ti rù. Ó dìde ti ilẹ̀kùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí sínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Mo níyàwó, mo lọ́mọ."

"Ta ló ní kí wọ́n kùn ún?"

"Òkè ni."

"Òkè wo?"

Ó na ìka sókè, kò sọ orúkọ. Mo gbójú sókè, fáànù ni mo rí, ó ń yí. Mo bi í bóyá ó sọ fún Òkè pé òpó ti jẹrà. Ó ní òun sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wọ́n dá òun lóhùn pé ṣé òun fẹ́ kí àlejò bá pupa lára ògiri ni. Mo ní kó wá sọ bẹ́ẹ̀ níta. Ó bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ ò wẹ Mọ̀dínátù mọ́.

Àlàájà Fàúsátù ṣì wà ní Ìgàndò, nínú yàrá tí ọmọ rẹ̀ la wíńdò méjì sí kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Nígbà fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Àjọ fi àgbò ránṣẹ́. Ó ní kí wọ́n dá a padà. Ó ní, "Ẹni tí ẹ pè ní ọ̀daràn, kí lẹ ń fi àgbò ṣe sàráà fún?" Kò béèrè gbà-máà-bínú. Ohun tó ń dùn ún ni pé nígbà tó bá dé mọ́ṣáláṣí báyìí, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń kírun á kí i tán, wọ́n á wá máa wo ilẹ̀. Àwọn náà ti gbọ́ rédíò.

"Mo tọ́ ọmọ, ó kàwé, ó gba àgbàlagbà là, ó kú," ló sọ fún mi. "Èmi ò lè jí i. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn, ẹnu tó pa á ṣì wà láàyè. Kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti pa á, kí wọ́n gbé e mì."

Níbi fìdáù kan náà ni Àlàájì Táyéwò ti dìde, apá rẹ̀ nínú báńdéèjì. Lójú àwọn àfáà, lójú ẹbí rẹ̀, ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Èmi fọwọ́ sí ọ̀dà funfun. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́, òun náà ló tún kú dípò mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀." Ó dọ̀bálẹ̀, ẹni ọgọ́rin ọdún, fún obìnrin tó kéré sí i. Bí àgbà tí kò mọ nǹkan kan nípa irin àti ásíìdì bá lè ṣe ìyẹn, kí ló ń ṣe alága tó ní enjiníà lábẹ́ rẹ̀? Ṣé agbádá rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó lè tẹ̀?

Nítorí náà, Alága Àjọ Ìmúlùúdára, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ kọ́kọ́ dá katapílà yín dúró. Ẹ má fọwọ́ kan òkúta kan nínú àwókù yẹn títí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé àti ti àwọn enjiníà, tí kì í ṣe tiyín, yóò fi wá wò ó lójú gbogbo ayé. Ẹ sọ ẹni tó ní kí wọ́n kùn ún. Ẹ sọ ọ́ ní orúkọ, torí Òkè kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ẹ sọ ìdí tí irin tí ẹ ṣèlérí ò fi dé. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, kí ẹni tó bá jẹ̀bi lọ fojú ba ilé ẹjọ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yin. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sórí rédíò yẹn, ní wákàtí tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ ọ, kí ẹ jẹ́wọ́ pé irọ́ lẹ pa mọ́ òkú. Kí ẹ sì fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ sí Ìgàndò, lọ sọ ọ́ lójú ìyá rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé yóò rẹ̀ wá, ẹ wá wo géètì. Láti àárọ̀ tí ẹ ti dárúkọ katapílà ni Matilda àti àwọn yòókù ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn jáde, tí wọ́n tò ó dí ẹnu ọ̀nà láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì ń ránṣọ níbẹ̀. Àwọn kápẹ́ńtà wà lẹ́yìn wọn, Àlàájì Táyéwò jókòó láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kó sọ fún wọn ẹni tó pa Mọ̀dínátù.